Nọ́ńbà wo ló yẹ kí AC wa wà lálẹ́? Ọkọ mi ní 16, èmi ní 26

Àdùnní_Aṣérò

Ẹ kú ooru yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń fa àríyànjiyàn nílé wa láti ìgbà tí oṣù kejì ti wọlé, mo sì rò pé ó sàn kí n gbé e wá síwájú àwọn tó mọ̀ jù wá lọ kó tó di ohun tí a ó máa pe ẹbí jọ lé lórí.

Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni a ń gbé ní Aṣérò, l'Abẹ́òkúta, páànù ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Yàrá tí èmi àti ọkọ mi ń sùn kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà láti aago méjì ọ̀sán ni oòrùn ti ń na ògiri rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, débi pé bí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ńṣe ló ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná. AC 1.5 hp ló wà níbẹ̀, èyí tí kì í ṣe inverter, irú tó lè dín eré ẹ̀rọ rẹ̀ kù. Ọdún 2019 la rà á. Bí ọkọ mi bá ti wọlé, 16 ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí, wọ́n ní kó lè tètè tutù. Bí oorun bá ti gbé wọn lọ, èmi á gbé e sí 26. Bí wọ́n bá tají, wọ́n á tún dá a padà. Báyìí ni rìmóòtù ṣe ń ti abẹ́ ìrọ̀rí kan bọ́ sí abẹ́ ìkejì títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

Band A ni àdúgbò wa, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí ogún lójúmọ́. Ẹ rántí pé oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó yúníìtì kan fún Band A lọ sí 225 náírà, wọ́n sì dín in díẹ̀ ní oṣù karùn-ún, àmọ́ èyí tí wọ́n dín náà kò mú un wálẹ̀ tó igba náírà. Nígbà tí owó ń wọlẹ̀ tí n kò mọ ibi tó ń gbà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mítà ń sọ sílẹ̀. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀, yúníìtì mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ló ń lọ, kò sì sí ohun mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lásìkò náà ju fíríìjì lọ. Kí ẹnikẹ́ni fi ṣírò rẹ̀ wò fún ọgbọ̀n ọjọ́.

Ìyá ọkọ mi náà ń gbé lọ́dọ̀ wa, ẹni ọdún 76 ni wọ́n. Yàrá tiwọn ní AC 1 hp kan tó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì tààrà. Màmá ní òtútù rẹ̀ ń wọ àwọn léegun, nítorí náà wọ́n máa ń pa á, wọ́n á ti fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, àárọ̀ la ó wá bá wọn nínú òógùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé lóòótọ́ ni pé 16 ń mú yàrá tètè tutù ju 26 lọ, nọ́ńbà wo ni kí á gbé tiwa sí tí gbogbo wa ó fi sùn, kí sì ni kí á ṣe sí ti Màmá?

Ọ̀gá_Afẹ́fẹ́

Ẹ kú ìnáwó, ìyá wa, ẹ sì kú ìfaradà. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń tún AC ṣe ní Pánsẹ́kẹ́, ọ̀rọ̀ 16 yìí sì ni mò ń bá pàdé jù nílé àwọn oníbàárà, ó ju gáàsì tó jò lọ pàápàá.

Nọ́ńbà tó wà lórí rìmóòtù kì í ṣe eré tí ẹ̀rọ yóò sá, ibi tí yóò ti dúró ni. AC tí kì í ṣe inverter, ipò méjì péré ni kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì níta, mọ̀, yálà kó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ tàbí kó sinmi. Bí yàrá yín bá wà ní 31, tí ẹ tẹ 16 tàbí tí ẹ tẹ 25, iṣẹ́ kan náà ni kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń ṣe níta, afẹ́fẹ́ tó ń ti inú rẹ̀ jáde kò ní tutù ju ara wọn lọ, iye ìṣẹ́jú kan náà ni yóò sì gbà á láti 31 dé 25. Bí ẹ bá rán ọmọ jáde láti Aṣérò, yálà ẹ ní kó dúró ní Kútọ̀ tàbí ẹ ní kó lọ títí dé Lafẹ́nwá, ẹsẹ̀ kan náà ló máa fi rìn dé Kútọ̀. Ẹni tó tẹ 25 ti fún ẹ̀rọ ní ibi ìsinmi. Ẹni tó tẹ 16 ti ní kó má sinmi títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ohun tí mítà yín sì ń sọ nìyẹn: AC 1.5 hp irú èyí máa ń jẹ bíi 1,100 sí 1,200 wáàtì lọ́wọ́ kan, tó bá sì fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ láìdúró, bíi yúníìtì mẹ́sàn-án náà ni. Kò sí olè kankan nínú mítà yín.

Bí Bàbá, ọkọ yín, bá fẹ́ kí yàrá tètè tutù, fáànù inú AC ni kí wọ́n gbé dé èyí tó le jù fún bíi ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì fa kọ́tìnì ìhà ìwọ̀-oòrùn dé láti aago kan ọ̀sán, kí oòrùn tó dé. Ooru tí kò bá wọlé, ẹnikẹ́ni kò ní sanwó láti kó o jáde.

Ohun kejì wà tí àwọn ènìyàn kì í rò. Bí inú yàrá bá ṣe tutù ju ìta lọ tó ni ooru ìta ṣe máa ń fi ipá gba ara ògiri, àjà àti etí ilẹ̀kùn wọlé tó. Bí ìta bá wà ní 29 lóru, tí ẹ bá mú yàrá dé 26, àlàfo dígírì mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ ń bá jà. Bí ẹ bá ní kó di 21, ó ti di mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Jàpáànù fi ń rọ àwọn ọ́fíìsì láti ọdún 2005 pé kí wọ́n fi AC sí 28 nígbà ooru, kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ táì ọrùn wọn, tí Íńdíà náà sì fi pàṣẹ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, AC inú ilé tí wọ́n bá ń tà gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láti 24 fúnra rẹ̀ bí a bá tàn án.

Àmọ́ kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ mi, ẹ ra òṣùwọ̀n ìgbóná kékeré kan, irú èyí tí a ń gbé kọ́ ara ògiri, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹnu AC. Tí ẹ bá fi AC sí 16 gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti ń ṣe, ẹ wo ohun tó kọ ní aago méjìlá òru, kí ẹ wá sọ fún wa. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní sún mọ́ 16. Ẹ tún ṣí iwájú AC náà, kí ẹ fa àwọ̀n inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wo bó ti rí.

Ṣẹ́gun_Ìjẹùn

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Ọ̀gá, èmi kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń tàn án sí 16 fún wákàtí kan, màá pa á, bí ooru bá jí mi màá tún tàn án. Yúníìtì mẹ́rin ni mò ń lò lóru. Bí a bá fi í sí 26 tí a sì jẹ́ kó wà ní títàn láti alẹ́ dé òwúrọ̀, ṣé kì í ṣe pé à ń sanwó fún gbogbo òru ni? Ohun tí a pa kì í jẹ iná.

Àdùnní_Aṣérò

Ẹ ṣeun, Ọ̀gá. Mo ti ṣe ohun tí ẹ wí, ojú sì tì mí díẹ̀.

Mo gun àga, mo ṣí ẹ̀rọ náà, mo fa àwọ̀n méjèèjì jáde. Eruku tó wà lára wọn nípọn bí òwú tí a gbọ̀n, ó dì mọ́ra débi pé nígbà tí mo fi ìka fà á, ó ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí awọ. Irun wíìgì mi wà níbẹ̀. Ọdún kan àbọ̀ ni mo rò pé ó ti wà bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọkùnrin tó wá ṣe é kẹ́yìn, omi ló kàn fi fọ́n ti ìta, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó fọ̀ ọ́ ni mo ti kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ti òṣùwọ̀n ìgbóná. Ọkọ mi fúnra wọn ló tẹ 16 ní aago mẹ́wàá, òṣùwọ̀n kọ 31. Ní aago mọ́kànlá, 29. Ní aago méjìlá, 27. Mo jí ní aago mẹ́ta òru, 26 ló wà, ibẹ̀ náà ló sì wà títí di àárọ̀. Mo pe ọkọ mi, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wo òṣùwọ̀n, wọ́n wo rìmóòtù, wọ́n ní òṣùwọ̀n ọjà Kútọ̀ kò ṣeé gbára lé. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà ní ilé oògùn àbúrò mi, nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì kọ.

Èyí túmọ̀ sí pé 26 tí mo ń jà fún ni a ti ń sùn sí tẹ́lẹ̀, owó 16 ni a kàn ń san.

Bàbá_Ìdí-Abà

Ìyàwó wa, ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Ìjà yín yìí ni èmi àti ìyá àwọn ọmọ jà ní Leeds fún ọdún méjìlá kí á tó padà wálé, àmọ́ òtútù ni à ń sá fún lọ́hùn-ún.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìlú Ọba, bọ́ílà tó ń jó gáàsì ló ń gbé omi gbígbóná gba inú páìpù lọ sínú àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, èyí tí wọ́n ń pè ní rádíétọ̀. Ní ẹsẹ̀ rádíétọ̀ kọ̀ọ̀kan ni fáàfù kan wà tó ní orí bí ọmọrí ìgò, wọ́n kọ nọ́ńbà 1 sí 5 sí i lára. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, ìka ọwọ́ mi a ti kú, màá sì yí i dé 5, kó lè tètè gbóná. N kò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá sọ yìí gan-an ni. Ohun kan bí ìda tàbí omi wà nínú orí fáàfù náà. Bí yàrá bá ṣe ń gbóná sí i ni yóò máa wú, yóò sì máa ti ọ̀pá kékeré kan wọlé láti dín omi gbígbóná kù. Nọ́ńbà ara rẹ̀ kàn ń sọ ibi tí yàrá yóò gbóná dé kí ọ̀nà tó dí ni. Nọ́ńbà 3 sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 20 dígírì. Bó bá wà ní 3 tàbí ní 5, omi kan náà ló ń gba inú irin náà kọjá nígbà tí yàrá ṣì tutù, wọ́n á sì jọ dé 20 papọ̀ ni. Èyí tó wà ní 5 ni kò ní dúró níbẹ̀.

Nítorí náà, ní aago mẹ́rin ìdájí, yàrá wa á ti di ilé ìdáná, ìyá àwọn ọmọ á dìde, wọ́n á ṣí fèrèsé, yìnyín wà lórí ọkọ̀ níta, àwa ń fi owó gáàsì wa yáná fún gbogbo àdúgbò. Odidi òtútù méjì la fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí bàbá àgbàlagbà kan tó wá tún páìpù ṣe tó fi ìka tọ́ ọ hàn mí.

Ohun kan tún wà tó lè wúlò fún yín ní Aṣérò. A ra kọ́tìnì tuntun kan tó gùn dé ilẹ̀, ó bo rádíétọ̀ àti fáàfù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni yàrá ti ń tutù bí ọjà òru, tí irin náà kì í sì í gbóná. Ooru tó há sẹ́yìn kọ́tìnì ni fáàfù ń gbọ́, ó sì gbà pé gbogbo yàrá ti móoru. Ẹ wò ó bóyá AC yín kò há sí òkè wọ́rọ́dìróòbù, nítorí ibi tí ó ti ń gbọ́ ìgbóná wà nínú òun fúnra rẹ̀, lẹ́bàá àjà, tí kì í ṣe ibi tí orí yín wà.

Ìyá_Aládìrẹ_Ìtòkú

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, níwọ̀n bí ẹ ti dá ọ̀rọ̀ ọ̀hún sílẹ̀, ọmọbìnrin mi wà ní Ìlú Ọba tòun ti ọkọ rẹ̀ àti ọmọ oṣù mẹ́jọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù aláwòrán, inú jákẹ́ẹ̀tì ni mo máa ń bá a nínú ilé ara rẹ̀, ó ní owó gáàsì ń bẹ òun lórí. Nǹkan bí irú èyí tí ẹ ń wí yìí ló wà lára ògiri wọn. Kí ni kí n sọ fún un?

Bàbá_Ìdí-Abà

Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú àtìlẹ́yìn ọmọ. Ẹ sọ fún un pé kó má ṣe fi nọ́ńbà kan náà sí gbogbo yàrá. Ibi tí wọ́n ń jókòó sí, kó fi í sí 3. Yàrá tí wọ́n ń sùn, 2 tàbí láàárín 2 àti 3. Yàrá tí ẹnikẹ́ni kò lò, kó wà ní 1, kí wọ́n sì máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kó má pa ti yàrá náà pátápátá o, nítorí ògiri tó tutù jù ní ìlú ọ̀hún a máa fa ọ̀rinrin, ìbu dúdú á sì hù sí igun rẹ̀, èyí kò sì dára fún èémí ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lámọ̀ràn ní ọdún 2018 pé kí inú ilé má wálẹ̀ ju 18 dígírì lọ lásìkò òtútù, ìmọ̀ràn tí wọ́n sì máa ń fún àwọn abiyamọ lọ́hùn-ún ni pé kí yàrá tí ìkókó ń sùn wà láàárín 16 sí 20. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé gbígbóná jù léwu fún ìkókó ju kí yàrá tutù díẹ̀ lọ, kó má lọ máa dì í ní aṣọ mẹ́ta.

Èkejì ni thermostat, àpótí kékeré tó sábà máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ló ń pàṣẹ fún bọ́ílà. Rádíétọ̀ tó bá wà níbi kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí fáàfù tirẹ̀ wà ní ṣíṣí pátá. Bí fáàfù bá ti dí ọ̀nà ní 18 nígbà tí thermostat ń retí 20, thermostat kò ní rí ohun tó ń wá láéláé, bọ́ílà á sì máa jó lọ. Èyí ló ń jẹ owó ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọn kò mọ̀.

Ẹ̀kẹta, kó béèrè lọ́wọ́ onílé bóyá bọ́ílà náà jẹ́ irú ti òde òní tó ń gba ooru padà nínú èéfín ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà tí omi tó ń padà wá sínú rẹ̀ kò bá tó bíi 55 dígírì ló máa ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ni wọ́n gbé omi rẹ̀ sí 75 tàbí 80 láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri. Bí kò bá sí táńkì omi gbígbóná nílé, kó yí omi tó ń lọ sínú rádíétọ̀ wálẹ̀ sí nǹkan bíi 60. Irin kò ní jó ọwọ́ mọ́, yàrá á pẹ́ díẹ̀ kó tó móoru, ṣùgbọ́n á móoru. Bí táńkì bá wà, kó má fọwọ́ kàn án láìsí onímọ̀, nítorí omi inú táńkì gbọ́dọ̀ gbóná tó 60 kí kòkòrò àrùn má baà gbilẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá_Afẹ́fẹ́

Bàbá, ẹ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan náà la jọ ń sọ.

Àbúrò Ṣẹ́gun, òótọ́ ni pé ohun tí a pa kì í jẹ iná, kò sì sí ẹni tó máa bá ọ du yúníìtì mẹ́rin rẹ. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láàárín wákàtí àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ni AC ń tu lára. Ó ń fa ooru jáde lára ògiri, mátírẹ́ẹ̀sì àti aṣọ inú wọ́rọ́dìróòbù. Bí o bá pa á, ooru tó kù lára ògiri á padà sínú afẹ́fẹ́, kò ní pẹ́ tí wàá fi jí nínú òógùn, tí ẹ̀rọ á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. AC tí a fi sí 26 kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru. Thermostat rẹ̀ ń tàn án, ó sì ń pa á, gẹ́gẹ́ bí ìwọ ti ń ṣe, àmọ́ kì í dúró dìgbà tí o bá jí. Oorun rẹ ni ìwọ fi ń san èyí tó kù. Ohun mìíràn ni pé, bí o bá pa á, má tàn án padà kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́ta, nítorí gáàsì inú rẹ̀ ṣì há ní ìhà kan, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á sì máa gbìyànjú láti yí lábẹ́ ẹrù. Ọ̀pọ̀ AC tuntun ń fúnra wọn dúró de ìṣẹ́jú mẹ́ta náà, ti àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n. Mo ti kó irú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bẹ́ẹ̀ dànù tó láti fi kọ́ ilé adìẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun, kó ra inverter bí owó bá wà. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú inverter oníbátìrì tí a fi ń gba iná pamọ́ o, orúkọ ló papọ̀. Ti AC yìí, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ lè sáré, ó sì lè rìn jẹ́jẹ́, bí yàrá bá ti sún mọ́ ibi tí ẹ fẹ́, á rọ ẹsẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fi òun náà sí 16, sísáré náà ni á máa sá, owó inverter yín sì ti wọmi.

Ní ti Màmá, nọ́ńbà kọ́ ló ń wọ wọ́n léegun, atẹ́gùn ni. Bẹ́ẹ̀dì tó dojú kọ ẹnu AC kò dára fún àgbà. Bí bẹ́ẹ̀dì kò bá ṣeé sún, ẹ tẹ ìyẹ́ tó ń darí afẹ́fẹ́ náà kó dojú kọ àjà, ẹ fi fáànù rẹ̀ sí èyí tó rọ̀ jù, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti 28. Bí òjò bá dé ní oṣù kẹfà, tí afẹ́fẹ́ kún fún omi, ẹ lo ibi tí wọ́n ya ẹ̀kán omi sí lórí rìmóòtù. Ọ̀rinrin ló máa fà jáde jù, òógùn á sì lè gbẹ lára wọn láìjẹ́ pé òtútù mú wọn. Èyí tí n kò fẹ́ ni kí wọ́n máa pa á kí wọ́n sì ti fèrèsé mọ́ra wọn. Ara àgbàlagbà kì í tètè gbọ́ ooru àti òǹgbẹ bíi tiwa, ooru lè ti ṣe wọ́n ní jàǹbá kí wọ́n tó mọ̀.

Ẹ̀yin náà nílé, ẹ fi fáànù òkè kún ti AC. Fáànù kan kì í jẹ ju wáàtì 60 tàbí 75 lọ, atẹ́gùn rẹ̀ sì lè mú kí 27 dà bíi 25 lára ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara ènìyàn ló ń tù, kò tu yàrá, nítorí náà ẹ pa á bí ẹ bá jáde.

Àdùnní_Aṣérò

Ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, mo sì ti jẹ́ kí ó pé kí n tó wá jábọ̀.

A fọ àwọ̀n méjèèjì, a sá wọn sí ibòji. A sún wọ́rọ́dìróòbù tó dí apá ọ̀tún AC, bí Bàbá ti fura sí i. Láti aago kan ọ̀sán ni ọmọ mi àgbà ti ń fa kọ́tìnì dé. Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bẹ ọkọ mi pé kí wọ́n fún mi ní òru mẹ́ta péré, kí AC wà ní 25, kí fáànù òkè wà ní nọ́ńbà 2, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan rìmóòtù. Òṣùwọ̀n tó máa ń pẹ́ títí di aago méjìlá kó tó dé 27 ti wà ní 26 ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní òru kejì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́ tí ẹ̀rọ ìta dákẹ́ lóru. Ọkọ mi jí, wọ́n rò pé iná ti lọ. Ní òru kẹta, àwọn fúnra wọn ló gbé e sí 26, wọ́n ní fáànù ti pọ̀ jù fún ẹsẹ̀ àwọn.

Mítà: yúníìtì márùn-ún àti díẹ̀ lóru, nígbà tó jẹ́ mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí òru bá gbóná gan-an, ó ń dé mẹ́fà.

Ti Màmá ló gba ọgbọ́n. Wọn kò gbà kí á sún bẹ́ẹ̀dì nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ẹni tó ń wọlé. A tẹ ìyẹ́ rẹ̀ sókè, a fi í sí 28, wọ́n sì ní àwọn kò gbọ́ pé ó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ó dára. Rìmóòtù tiwọn wà lábẹ́ Bíbélì báyìí, kò sí ẹni tó lè yọ ọ́.

Ọ̀kan ló kù. Nígbà tí mo ń nu ògiri, mo rí i pé ihò tí páìpù AC gbà jáde tóbi ju páìpù lọ, ọwọ́ mi gba ibẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́sàn-án. Ṣé kí birikìlà fi símẹ́ńtì dí i?

Ọ̀gá_Afẹ́fẹ́

Rárá o, ìyá wa. Bí ẹ bá fi símẹ́ńtì dí i, ọjọ́ tí páìpù bá nílò àtúnṣe, àwa ni a ó tún fi òòlù fọ́ ògiri yín. Ẹ wá fóòmù tó rọ̀, kí ẹ gé e, kí ẹ kì í yí páìpù ká láti inú, kí ẹ sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́ níta kí òjò má baà mu ún. Ẹ wo páìpù omi tó ń kán pẹ̀lú, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa bí ẹ ti ń ki fóòmù, kí omi má baà padà sí ara ògiri.